Jíìpù Tí Ganiyat Rà Lọ́wọ́ Dosi

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí Ganiyat ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn wá sí Àgbádárìgì, ọwọ́ Dosi ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe epo àgbọn. Ìyàwó tuntun ni nígbà náà, kò mọ ẹnì kankan, kò gbọ́ èdè Ògù. Dosi, tí ilé wọn wà ní ìkángun àdúgbò, ló pè é wọlé, tó ti àpótí ìjókòó sí i, tó ní, "Jókòó, máa wò mí." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é ní nọ̀vi, bí àwọn Ògù ṣe ń pe ọmọ ìyá wọn. Nígbà tí ọkọ Ganiyat kú, ogójì ọjọ́ gbáko ni Dosi fi sùn sílé rẹ̀, ó ń sè, ó ń fọ̀, ó ń gba àlejò.

Iṣẹ́ náà mówó wọlé fún Ganiyat. Ẹni tó ń gbé ìgò epo lé orí kiri di ẹni tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìgboro Èkó ń pè lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì fẹ́ẹ̀ ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá já sí kòtò ló máa ń di ìbàdí mú. Ìdí tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun fẹ́ ra jíìpù nìyẹn. Èyí tí kò sọ ni pé ó kàn wù ú, kó tó darúgbó, kó jókòó sínú jíìpù olówó ńlá lẹ́ẹ̀kan, kó gbé gíláàsì sókè, kí ó sì máa gba atẹ́gùn tútù ẹ̀rọ amúlétutù lójú.

Ó ta pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó ní ní Morogbo, ó da owó tó ti ń tọ́jú mọ́ ọn, ó wá lọ bá Akíndé, akáǹtáǹtì tó ń gbé nínú ilé rẹ̀ bí ayálégbé.

"Màmá, ilẹ̀ tí ẹ tà yẹn, iye rẹ̀ ń gòkè ni," ni Akíndé sọ. "Ti mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti ń tà á ló ti ń wálẹ̀. Èyí tí wọ́n rà ní ọgọ́rin mílíọ̀nù, kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó lè ti já sí àádọ́ta."

"Ṣé kí n má rà á ni?"

"Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ti jẹ àdánù yẹn kó tó kàn yín. Èyí tó ti lo nǹkan bí ọdún márùn-ún ló dáa. Tó bá ti ń lọ sí mẹ́wàá, ẹ máa rà á ní pọ́ọ́kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe ò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Ẹ sì mú mẹkáníìkì dání o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ganiyat fi rìn láti Agbara títí dé Seme, tó ń wo jíìpù. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa bẹ́líìtì ìjókòó dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò sí. Àwọn tó ń ta mọ́tò ò fẹ́ kó máa fà á wò. Èyí tó lo ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń pè é.

Ibi tó ti ń wá a kiri ni Dosi ti gbọ́. Zinsu, ọkọ rẹ̀, ló ń bá àwọn èèyàn gba mọ́tò jáde ní ibodè Seme. "Nọ̀vi, kí lo ń wá kiri?" ni Dosi wí. "Ọkọ mi ní ọ̀kan nílẹ̀, ọdún márùn-ún péré. Mú mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún wá."

Ganiyat wo jíìpù náà yípo. Dúdú ni, ó ń dán gbinrin. "Jẹ́ kí Rewájú mẹkáníìkì wá wò ó kí n tó sanwó."

Ojú Dosi yí padà. "Mẹkáníìkì? Nítorí èmi? Ganiyat, ṣé mo ti wá di olè lójú ẹ ni?" Omi lé sí i lójú, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìtìjú bá Ganiyat. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. Kò fọwọ́ kan bẹ́líìtì. Ní ọjọ́ kejì, ó san owó náà pé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbádùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, jíìpù náà kú sójú títì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rìnlá nínú, wọ́n sì wọ́ ọ lọ bá Rewájú ní Morogbo. Rewájú tú ìjókòó, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Yanrìn kúnná ló wà lábẹ́ rẹ̀, irin ti dógùn-ún, ohun funfun kan sì gbẹ mọ́ wáyà. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò.

"Màmá, mọ́tò yìí ti rì sínú omi rí. Omi iyọ̀ ni." Ó fa bẹ́líìtì jáde. "Ọdún mẹ́sàn-án ló sì ti lò."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Ganiyat lọ́kàn ni pé àwọn oníjìbìtì kan ti lu Dosi àti ọkọ rẹ̀. Àánú wọn ló ń ṣe é lórí ọ̀kadà tó gbé e lọ sílé wọn. Zinsu nìkan ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Jésùtófúnmi, ẹni tó ta jíìpù yẹn fún yín ti rẹ́ yín jẹ o. Mọ́tò náà ti rì sómi rí!"

Zinsu gbé ojú sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ní kí Dosi sọ fún yín. Àwọn tó ń tú mọ́tò tà ni mo fẹ́ gbé e fún ní mílíọ̀nù mọ́kànlá. Òun ló ní kí n gbé e sílẹ̀ dè yín. Ó ní tí òun bá ti bínú díẹ̀, ẹ ò ní mú mẹkáníìkì wá."

Ganiyat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi ojú ọjọ́sí, àṣé Dosi ti mọ ìgbà tó máa dà á.

Dosi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ọwọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Ganiyat, ó sì mọ̀ pé àṣírí ti tú.

"Dosi, èmi lo ṣe báyìí fún?"

"O lówó," ni Dosi dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ìdí ìkòkò mi lo jókòó sí tí o fi mọ iṣẹ́. Lónìí ò ń ta ilẹ̀, ò ń ra jíìpù. Èmi ṣì ń gbé ìgò lọ sọ́jà. Ǹjẹ́ o bi mí rí pé, Dosi, kí ni kí n ṣe fún ẹ?"

"O ò sọ fún mi."

"Ṣé ó yẹ kí n sọ ni?"

 Lóòótọ́, Ganiyat kò bi í rí. Ṣùgbọ́n ó rántí bó ṣe kúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí Dosi kàn ń wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Zinsu padà mú mílíọ̀nù mẹ́rin wá, ó ní ohun tó kù ti wọ owó ilé-ìwé àti gbèsè. Àwọn ẹbí ní kí Ganiyat rọra fọ̀dà kun jíìpù náà kó tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Ó kọ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè fún ẹni tó wá rà á, ó fi yanrìn hàn án, ó sì gba mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù àlòkù ló fi owó náà rà. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún.

Òun àti Dosi pàdé lọ́jà, níbi tí wọ́n ti ń já àgbọn sílẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ kan. Dosi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Nọ̀vi, ṣé o jí dáadáa?"

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Ganiyat dáhùn. "Ẹ kú ọjà."

Dosi dúró bí ẹni tí wọ́n pè ní orúkọ ẹlòmíì. Ganiyat ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń mi àgbọn lọ́kọ̀ọ̀kan létí, ó ń gbọ́ bí omi ṣe tó nínú rẹ̀.