Ìwé Kérésì tí mo rà fún Màmá ìyàwó mi

Mo fowó ara mi ra ẹ̀sín lónìí.

Màmá ìyàwó mi wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wa n'Ìbàfò. Wọ́n ní tá ò bá ka ìwé ìtàn tó dùn fáwọn, àwọn ń padà s'Ífọ̀.

Èmi ò kàwé, àwòrán ni mo fi ń yan ìwé. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ya ìkòkò lórí iná sí, mo ní ìtàn ìdílé nìyí.

Ìyàwó mi ṣí i, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá Ṣèyí, ìwé ọbẹ̀ sísè lẹ rà!"

Ó ṣáà kà á. Ó dé ibi adìyẹ, Màmá pariwo: "Dúró ná! Ṣé wọ́n ti fi iyọ̀ sí i?"

Wọ́n láwọn ò lọ mọ́, àfi tí adìyẹ náà bá jinná.

Ẹ gbà mí o, ṣé kí n pààrọ̀ ìwé ni àbí kí n ra adìyẹ?