Ọmọ Tó Ń Tan Tọ́ọ̀ṣì

Bàbá wa máa ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Yàrá kan tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù wọn, òórùn epo ò sì kúrò lára ògiri ibẹ̀ rí. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: èmi àkọ́bí, àti àbúrò mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá fi irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kó máa tan tọ́ọ̀ṣì fún wa, torí inú máṣíìnì ṣókùnkùn, ìyẹn sì ni obìnrin lè ṣe. Èmi ni àrólé, òun á lọ sílé ọkọ. Ká má parọ́, ìdí ààrò búrẹ́dì ni ọkàn tèmi wà. Àmọ́ bí mo bá ti yà sí ilé ìdáná, igbe bàbá á ta: "Kí lò ń wá níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ di obìnrin ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an.

Àṣìṣe wọn nìyí o: ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ wo ibòmíì. Ibi tí ọwọ́ bàbá bá wọ̀, ibẹ̀ ni iná gbọ́dọ̀ wọ̀. Èmi tí mo gbé irinṣẹ́ dání ni mo ń ráyè wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọ ibẹ̀ lófo, mo jáde lófo.

Lọ́dún tí ojú bàbá di bàìbàì, ìyá kan tó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ gbé máṣíìnì mẹ́fà tó ti bàjẹ́ wá. Ìdánwò àwọn ọmọ rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin.

"Ọmọ mi ọkùnrin á tún un ṣe," ni bàbá wí. "Tó bá ṣe é yanjú, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù nìyẹn."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ dúró. Mo mọ̀ pé kò sóhun tó wù ú láyé ju ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ, èmi ò sì fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo tú ọ̀kan, mo tò ó padà, abẹ́rẹ́ ò gbé òwú ìsàlẹ̀. Irin méjì ṣẹ́kù sórí tábìlì, n ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí.

"Bọ̀dá, ẹ sún, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún márùn-ún ṣe; bàbá wà nílé, wọn ò mọ̀.

Nígbà tí ìyá náà padà dé, bàbá fetí sí bí àwọn máṣíìnì ṣe ń sáré, inú wọn dùn dẹ́yìn. "Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ!" Wọ́n gbá mi lẹ́yìn. Ojú tì mí.

"Bàbá, èmi kọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni àbúrò mi fèsì.

Wọn ò gbà. Wọ́n ní kó tún ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ṣe níwájú àwọn. Ó tú u, ó nù ún, ó tò ó, ó fi rán aṣọ. Bàbá fi èékánná tọ ojú ìránṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òwú ò fò níbì kankan.

"Ọkùnrin ni ẹ́!" ni wọ́n kígbe.

Ìyìn tó ga jù lẹ́nu bàbá nìyẹn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má sọ mí di ẹlòmíì nítorí pé mo mọ iṣẹ́. Èmi ọmọ yín yìí náà ni mo ṣe é."

Ìyá tó ni máṣíìnì ti ń kánjú. Ó bèèrè pé bí òmíràn bá bàjẹ́, ta ni kí òun gbé e fún.

"Ọmọ mi."

"Èwo nínú wọn, sà?"

Bàbá nawọ́, wọ́n ń wá a kiri títí ọwọ́ wọn fi kan èjìká Pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n dì í mú ṣinṣin.

"Èyí," ni wọ́n wí. Wọn ò fi ọkùnrin tàbí obìnrin kún un.