Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Dárúkọ Ẹ̀ṣẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn àbúrò mi, Fọláṣadé, nílùú Oǹdó, ṣùgbọ́n ó ti wọṣọ tán. Ó jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó gbé àpò lé itan, ó ń wo ògiri. Mo bi í bóyá ó ti fi nǹkan panu. Ó ní ẹnu òun korò. Èmi náà ò tíì jẹun, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe ẹnu kíkorò, inú ló ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí mo sì ṣe ń kọ ìtàn ìrìn àjò yìí fún ẹ̀yin ará ilé, kò tíì rọ̀ tán.

Ilé ẹjọ́ kan ní Àkúrẹ́ là ń lọ. Akínwándé, ọmọ kan ṣoṣo tí Fọláṣadé bí, ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ wálé fún ìsinmi, ọlọ́pàá kan dá mọ́tò wọn dúró kí wọ́n tó dé Òwènà, ó rí irun dàda lórí rẹ̀, ó rí kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú àpò rẹ̀, ó ní olè ni. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ ni mo ra kọ̀ǹpútà yẹn fún un. Ọmọ náà ní òun kì í ṣe olè, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ọlọ́pàá sì yìnbọn fún un. Nígbà tí irọ́ olè kò dúró nílé ẹjọ́ mọ́, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní àsidẹ́ńtà disáàjì ni. Fún ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ rí, ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé ìbọn yìn fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan. Ìbọn tó ní ọpọlọ, tó mọ ọmọ ẹni tí òun máa bà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni adájọ́ dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi pé òun ló pa Akínwándé, bí kò tilẹ̀ pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyà tó máa jẹ ló kù tí wọ́n fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí à ń lọ yìí. Agbẹjọ́rò ti sọ fún wa pé ọwọ́ adájọ́ ni iye ọdún ẹ̀wọ̀n wà, àti pé bí ìyá olóògbé bá ní ohun tó fẹ́ sọ, adájọ́ yóò gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Bàbá Ìjọ kó àgbàlagbà méjì lẹ́yìn wá sílé Fọláṣadé. Wọ́n ní kó sọ fún adájọ́ pé òun ti dárí ji ọlọ́pàá náà, pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀, kó fi í fún Ọlọ́run. Kí n tó mọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe rí nílẹ̀ wa. Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó kéré sí i, ó ti fi okùn dè é nìyẹn. Bí o bá kọ̀, ìlú á ní o lọ́kàn líle, wọ́n á gbàgbé ẹni tó ṣẹ̀ ọ́. Fọláṣadé gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan.

"Ẹ̀yin bàbá mi, kí ló sọ pé òun ṣe, tí ẹ fi ń bá a bẹ̀bẹ̀?"

Wọ́n wo ojú ara wọn. Bàbá Ìjọ ní ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, kò yẹ ká máa tú u wò mọ́. Fọláṣadé ní òun ti gbọ́, òun máa rò ó. Gbogbo òru, mi ò mọ ohun tó rò, n kò sì bi í nígbà tí a jọ ń rìn lọ sí gáréèjì.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni wọ́n ń gbà dé Àkúrẹ́ nígbà yẹn, ẹni tó bá jókòó níwájú lè na ẹsẹ̀ díẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó láàárín. Tíṣà kan tó wọ kóòtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin kan tó ń lọ ra ọjà wà lẹ́yìn. A ò tíì jáde nílùú tán tí rédíò awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Wọ́n ní wọ́n ti dá ọlọ́pàá òyìnbó kan lẹ́bi ní Amẹ́ríkà, èyí tó pa ọkùnrin dúdú kan. Ariwo ayọ̀ sọ nínú mọ́tò. Awakọ̀ tẹ fèrè. Ìyá ọlọ́jà ní Ọlọ́run kì í sùn. Tíṣà pàtẹ́wọ́, ó ní ibi tí òfin gbé ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sí pé ẹnì kan ń bá ẹnì kan bẹ̀bẹ̀, pé kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n kó jẹrà síbẹ̀. Inú tèmi náà dùn sí ìròyìn yẹn, kí n má purọ́.

Awakọ̀ wá bi wá bóyá ọjà làwa náà ń lọ. Mo ti fẹ́ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè parí, ṣùgbọ́n Fọláṣadé ṣíwájú mi. Ó sọ ibi tí a ń lọ fún wọn, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n kí i pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù ú nínú. Nígbà tó yá ni tíṣà tún ẹnu ṣe.

"Màmá, ẹ fi í fún Ọlọ́run o. Ọmọ wa náà ni. Ó ṣeé ṣe kó níyàwó, kó lọ́mọ."

Ṣé ẹ rí i? Ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí tòyìnbó jẹrà sẹ́wọ̀n, kò tíì gbẹ. Mo bi í bóyá òyìnbó yẹn kò níyàwó ni, bóyá inú igi ni wọ́n ti bí i. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, pé òyìnbó ló pa dúdú, ìkórìíra àwọ̀ ni. Mo ní òótọ́ ni, mi ò bá a jiyàn. Ohun tí wọ́n fojú àwọn èèyàn wa rí lọ́hùn-ún kò ṣeé fẹnu sọ, mo sì bá wọn bínú.

"Àmọ́ ẹ sọ fún mi, tíṣà. Àwọn yẹn wo àwọ̀, wọ́n ní ọ̀daràn ni. Tiwa wo irun, ó ní olè ni. Ẹni tí wọ́n pa, èwo ló sàn fún un nínú méjèèjì?"

Kó tó dá mi lóhùn, a ti dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá gbé igi dí ọ̀nà. Awakọ̀ pa rédíò. Ó rọra na ọwọ́ jáde, nǹkan kan kọjá láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ti ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá yọ orí wo inú mọ́tò, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa kí i pé ó kú iṣẹ́. Ohùn tíṣà ló ròkè jù. Ó tilẹ̀ pe ọmọkùnrin tó lè bí lọ́mọ ní "sà". Fọláṣadé nìkan ni kò kí i.

Ní Òwènà, awakọ̀ dúró kí àwọn èrò ra bọ̀ọ̀lì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí wọ́n tò sẹ́bàá títì. Mo ra bọ̀ọ̀lì méjì pẹ̀lú ẹ̀pà, mo na ọ̀kan sí Fọláṣadé, kò gbà á. Mo mọ ohun tó fà á. Níwájú díẹ̀ ni ibi tí ọmọ rẹ̀ ṣubú sí. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ nílẹ̀ wa, a kì í jẹ́ kó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin Akínwándé, inú ilé ni a fi ìyá rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi títì Àkúrẹ́ pa mọ́ fún un? Gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ bá pè, ó gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé òdìkejì títí a fi kọjá, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àkúrẹ́ ti gbòòrò ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Títì wọn fẹ̀, iná wà láàárín rẹ̀, kì í ṣe bíi tiwa tí èèyàn ń yà fún kòtò bí ẹni ń yà fún àna. Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́. Èrò ti pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ Akínwándé sí. Lápá kejì, àwọn kan ń sọ pé ẹbí tó bẹ̀rù Ọlọ́run kì í bá ẹjọ́ dópin.

A ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìyá arúgbó kan tọ̀ wá wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ní erùpẹ̀ oko. Ó ní ulé òun wà ní Ìta-Ògbólú, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe ilé. Ó ní òun ni ìyá ọlọ́pàá. Mo ti fẹ́ fà á sẹ́yìn, torí mo rò pé ẹ̀bẹ̀ tàná ló tún gbé dé. Arúgbó yìí fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú àbúrò mi.

"Ọmọ mi ló pa ọmọ rẹ," ó ní. "Kì í ṣe ìbọn. Wọ́n pe ọmọ rẹ lólè, kì í ṣe olè. Mi ò ní kí o gbà á sílẹ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

Fọláṣadé bẹ̀rẹ̀, ó gbé e dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì mú un jókòó sórí àga tiwa. Omi bọ́ lójú mi. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n kò sí arúgbó yẹn nínú àwọn tí mò ń bínú sí.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, adájọ́ bi ọlọ́pàá bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ kí wọ́n tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, iṣẹ́ èṣù ni, ìbọn ló yìn. Ìbọn ló yìn, èṣù ló ṣiṣẹ́, òun nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. Adájọ́ wá pe Fọláṣadé. Ó dìde.

"Olúwa mi, ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí ní ìta, mo sì gbà," ó ní. "Òun alára kò tíì bẹ̀ mí. Kó sọ pé olè kọ́ ni ọmọ mi, èmi náà á bá a bẹ̀ yín."

Adájọ́ wo ọlọ́pàá. Gbogbo ilé ẹjọ́ wò ó. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ wa níbi tó jókòó sí. Ọlọ́pàá gbé orí sísàlẹ̀, kò la ẹnu. Gbólóhùn kan péré ni, kò ná an ní nǹkan kan. A dúró títí adájọ́ fi ka ìdájọ́ rẹ̀, ọdún ẹ̀wọ̀n náà sì pọ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì hó yèè. Ìyá arúgbó bo ojú. Fọláṣadé kò hó, kò sunkún.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Mi ò dá sí i. Mo ń ro ohun tí mo rí kọ́ lọ́nà yìí. Ẹ̀bẹ̀ dára, ẹ̀bẹ̀ ló ń tún ayé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, àṣẹ ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n ń fi í pa lẹ́nu mọ́.

Bàbá Ìjọ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà Fọláṣadé nígbà tí a dé. Ìròyìn ti ṣíwájú wa délé. Ó ní òun gbọ́ pé kò bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, pé ó dun òun. Fọláṣadé kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, ó wá dìde.

"Bàbá, ṣé olè ni Akínwándé?"

"Rárá o. Gbogbo wa la mọ̀."

"Ẹ ò sọ ọ́ rí. Ẹ bá mi sọ ọ́."

Bàbá Ìjọ wo ilẹ̀. Ó wá rọra sọ ọ́, pé Akínwándé kì í ṣe olè. Fọláṣadé ní kó jọ̀wọ́, kó sọ ọ́ sókè, kí ará ilé kejì lè gbọ́. Àgbàlagbà náà fọwọ́ lé òpó ìloro, ó sì sọ ọ́ sókè. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ní ilé kejì dáwọ́ dúró, wọ́n wò wá.

Àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó sọ àpò sílẹ̀, ó wá yọjú sí mi ní ìloro, ó ní kí n jọ̀wọ́, ebi ń pa òun.