Ìkòkò Epo Láàárín Èjìká Méjì

Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń gbà láti di irun orí ọmọdébìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, owó gidi ni nígbà náà. Bàbá mi san ogójì fún orí ọmọ ìyàálé ìyá mi, ó ní orí tèmi ṣì lè dúró. Oṣù méjì péré ni ọmọ yẹn fi jù mí lọ, síbẹ̀ ó fẹ́ kí n máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n mi. Kàkà kí n pè é bẹ́ẹ̀, n ó kúkú pe ewúrẹ́ ilé wa ní bàbá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rán àwa méjèèjì lọ ra epo pupa ní ọjà Ayépé. Ìyá mi dá ẹgbàá mẹ́ta, ìyàálé rẹ̀ náà dá ẹgbàá mẹ́ta. Ìyàálé ní owó mìíràn nílé. Ti ìyá mi, gbogbo owó òwò rẹ̀ nìyẹn. Èmi nìkan ni mo ru owó ẹyọ náà lọ, torí ọmọ ìyàálé ní òun ò lè gbé òṣùká lé irun tuntun. Nígbà tí a ra epo tán, ó tún ní orí òun ò gba ẹrù. Obìnrin elépo wò ó títí, ó pòṣé, ó da gbogbo epo wa sínú ìkòkò ńlá kan, ó fi okùn so ó rọ̀ sí àárín ọ̀pá oparun, ó ní ká gbé e léjìká, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Èmi ni mo wà níwájú. A ò tíì rìn jìnnà tí èjìká mi ti ń ta mí bí iná. Mo ní ká sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀lẹ! Ṣé afẹ́fẹ́ lo jẹ láàárọ̀ ni?"

Òun ń kọrin ní tirẹ̀ bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Nígbà tí a sọ̀, mo wo okùn. Okùn ti kúrò láàárín! Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀pá: ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti okùn, márùn-ún ló wà láàárín òun àti okùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, lórí ọ̀pá, ẹni tí ẹrù bá sún mọ́ ni ẹrù ń pa. Ẹni tó jìnnà sí i, eré ló ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, èjìká mi ló sọ fún mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí okùn, òun ló sì ti ń fọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Mo ní ó yá, ó kàn mí láti wà lẹ́yìn. Bí a ṣe gbé e, mo ti okùn náà títí ìkòkò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí rẹ̀. Ó mọ̀. Kò lè fọwọ́ kan okùn, ṣùgbọ́n ó sún èjìká rẹ̀ síwájú, sí ṣóńṣó ọ̀pá, ni ẹrù bá padà wá bá mi. Èmi náà sún sẹ́yìn. Ó tún sún. Mo tún sún.

"Dúró jẹ́ẹ́, olè!"

"Ìwọ ni olè, olórí ogójì!"

Nígbà tó yá, ohun tó kù lẹ́yìn èjìká mi kò ju ìka méjì lọ. Mo tún sún. Ọ̀pá yọ̀ bọ́ lẹ́jìká mi, ìkòkò sáré gba orí ọ̀pá wá bá mi, ó fọ́ síbi ẹsẹ̀ mi. Iyanrìn mu gbogbo epo náà.

Nílé, àwa méjèèjì ń pariwo pé èjìká ẹnìkejì ni ọ̀pá ti yọ̀. Ìyàálé ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ju ìkòkò sílẹ̀ ni yóò san gbogbo owó epo náà. Ìyá mi, tó gbà mí gbọ́, ní òun fara mọ́ ọn. Mo búra pé èmi kọ́. Bàbá mi ò gbọ́ ìbúra, ẹsẹ̀ wa ló ń wò. Ẹsẹ̀ ọmọ ìyàálé mọ́ tónítóní. Tèmi pọ́n dé orúnkún.

"Apá tó bá wálẹ̀ ni ìkòkò ń yọ̀ lọ," bàbá mi ló wí bẹ́ẹ̀. "Ìwọ lo jù ú sílẹ̀."

Lóde òní, inú agbá ni wọ́n ń da epo sí, wọ́n á máa yí i nílẹ̀ lọ gbirigbiri, òpùrọ́ ò sì ní ẹsẹ̀ pupa tí yóò tú àṣírí rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣoríire. Ìyá tèmi ta aṣọ rẹ̀ méjèèjì kó tó rí ẹgbàá mẹ́ta san fún ìyàálé. Ẹ fi ẹgbàá mẹ́ta tirẹ̀ tí iyanrìn mu kún un: ẹgbàá mẹ́fà.