Àgbá Onígi Tí Wigger Dá Padà Sójú Omi

Ní Vlieland, erékùṣù wa, tí o bá béèrè Wigger, wọ́n á ní ṣé bàbá alágbàá onígi lò ń wí. Òun ló ń to àgbá tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sójú òkun, kí ọkọ̀ lè mọ ibi tí omi ti jìn, kó má gun yanrìn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Olóríkunkun ni. Tó bá ń jẹun lọ́wọ́, tó rí i pé àgbá kan yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ó di dandan kí oúnjẹ náà tutù.

Nígbà tí ogun àwa àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n mú Auke, ọmọ kan ṣoṣo tí Wigger bí, lọ máa tu ọkọ̀ ogun. Lẹ́yìn ìgbà òtútù, àṣẹ dé pé kí Wigger kó gbogbo àgbá kúrò, kí ọ̀tá má baà rọ́nà wọlé, wọ́n sì fi tó gbogbo ọkọ̀ ogun wa létí.

Mo ní, "Bàbá Auke, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ dọ̀la. Àbí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kanlẹ̀kùn ni?"

Ó ní, "Ọ̀lẹ ló ń ṣiṣẹ́ lábọ̀."

Kò ṣẹ́ku ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ìró ìbọn ń mi fèrèsé wa. Gbogbo wa dúró létí òkun, à ń wo èéfín. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ wa kan yọ, òpó rẹ̀ ti kán, ó ń sá bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Auke, rí iwájú ọkọ̀ náà aláwọ̀ ewé, ó figbe ta, ó ní ọkọ̀ Auke ni.

Wigger ti ń gbé àgbá kan sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

Mo ní, "Àṣẹ ńkọ́?"

"Yanrìn ti rìn látìgbà tí ọmọ mi ti lọ. Ọ̀nà tó mọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́."

Ó wà á lọ, ó so àgbá náà síbi tí ọ̀nà ti yà, ìṣàn omi sì gbé Wigger fúnra rẹ̀ jìnnà síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá náà ń bọ̀ tààrà. A ti ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ó yà kúrò lọ́dọ̀ àgbá náà, ó gun yanrìn. Ìgbì fọ́ ọ yángá lójú wa. Títí dòní ni inú mi ń bà jẹ́ tí mo bá rántí. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Díẹ̀ ló yè, Auke kò sí níbẹ̀. Alásè ọkọ̀ náà la gbé wá sílé Wigger, a fún un lọ́tí gbígbóná. Kò mọ ilé ẹni tó wà.

Wigger, tó ti tukọ̀ rẹ̀ padà wálé, bi í pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yà?"

"Ọmọ tó ń tukọ̀ ni, bàbá. Ọ̀gá wa ní ká tẹ̀lé àgbá yẹn. Ọmọ yìí ní ká má dán an wò, pé bàbá òun ló kó àgbá ibẹ̀ kúrò, kò sì lè gbàgbé ọ̀kan. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e síbẹ̀ láti tàn wá."

Ẹ̀gbọ́n mi bojú. Wigger bu ọtí kún ife ọkùnrin náà.

"Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní a ò mọ bàbá òun ni."