Wi-Fi Tuntun Gé Orúkọ Ọmọ Wa sí Méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n rò fún yín, ohun tójú mi rí ní Pápá Àjàó lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ. Ẹ̀rín ń pa mí báyìí o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ni mò ń làágùn!

Àbúrò mi obìnrin, Yétúndé, ń gbé ní Kánádà. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti ń wá ọmọ. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, títí a ò fi lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ká má baà dá kún ohun tó ń dùn ún. Ìgbà tí Ọlọ́run máa dá a lóhùn, ọmọbìnrin làǹtìlanti ló fi ta wá lọ́rẹ!

Yétúndé ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí bàbá wa fi ẹnu ara wọn pe orúkọ ọmọ náà. Orúnkún Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n lè rìnrìn àjò mọ́, torí náà, orí fídíò la ó ti ṣe é. Èmi Kúnlé, àkọ́bí, ni wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì lé lọ́wọ́.

Ráótà kékeré kan wà nílé Bàbá. Òun ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn lórí fóònù wọn, wọn ò sì ráhùn rí. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ mí? Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ ní Surulere. Ẹni tó ń tajà ní Wi-Fi 7 ló wà lóde báyìí, pé ìyára ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹnu ẹ̀ dùn! Ṣadé, ìyàwó mi, fà mí láṣọ, ó bi mí pé fóònù wo nínú ilé Bàbá ló tiẹ̀ lè lo nǹkan yẹn. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, mo sì sanwó ẹ̀. Ṣé orúkọ ọmọ tá a fi omijé tọrọ la ó wá fi ògbólógbòó ráótà pè?

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Mo yọ káàdì síìmù kúrò nínú ráótà àtijọ́, mo kì í bọ inú tuntun, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá wo bí mo ṣe ń yan! Gbogbo ẹni tó wọlé ni mò ń fún ní páswọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n wá tọ́ Wi-Fi 7 wò.

Yétúndé yọ lórí fídíò, ó gbé ọmọ mọ́ra, ọkọ ẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn dúró lẹ́yìn. Bàbá mú oyin, wọ́n mú iyọ̀, wọ́n ṣàdúrà. Wọ́n wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ yìí, orúkọ tí èmi bàbá ìyá ẹ sọ ẹ́ ni Mojísọ́lá!"

Àwòrán bá dúró gbagidi.

Ìgbà tó máa padà, wọ́n ń wo ara wọn lójú ní Kánádà. Yétúndé ní, "Bàbá, a ò gbọ́ parí o. A gbọ́ 'Mo jí,' ló bá tán." Ọ̀rẹ́ ọkọ ẹ̀ kan bú sẹ́rìn-ín: "Kí ni Bàbá jí?"

Àwa náà rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un pè, ó tún dúró. Nígbà tó yá, Yétúndé alára pòórá pátápátá. Bàbá rọra gbé oyin sílẹ̀.

"Kúnlé, ṣé mi ò ní í pe orúkọ ọmọ yìí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà.

Ṣadé ló dìde. Ó béèrè ta ló ń lo Wi-Fi. Ṣé ẹ rí i, gbogbo ilé ni! Àǹtí Ìyábọ̀, àbúrò Bàbá, ń dáńlóòdù fíìmù. Àwọn tó kù ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi kọ́ ni mo fún wọn ní páswọ́ọ̀dù?

"Olówó orí mi," Ṣadé ní, "ráótà kì í bí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fún un ló ń pín. Ẹ wò ó, iná nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan péré ló tàn lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Bàbá jáde síta."

Bàbá di èjìká mi mú, ó di iwájú ilé. Ṣadé fi fóònù tiẹ̀ àti dátà tiẹ̀ pe Yétúndé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún! Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ṣe àga ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń pariwo. Bàbá gbóhùn sókè: "Ẹ dákun, ẹ bá mi pa á! Ọmọ mi ló bímọ!"

Wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́.

"Mojísọ́lá!"

Yétúndé gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àwọn tó wà ládùúgbò sì dáhùn "Àmín!" Mùsùlùmí ń ṣe àmín, Kristẹni ń ṣe àmín. Ọ̀gá àwọn tó ń ṣe àga ní òun náà ní orúkọ tòun o, ó pe ọmọ náà ní Ayọ̀délé. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Yétúndé ní òun ti ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tí ọmọ náà bá dàgbà, kó lè mọ̀ pé odidi àdúgbò ló kí òun káàbọ̀.

Mi ò ní Wi-Fi tuntun ò dáa o. Ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lágbára bá ń wọlé ẹ̀, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ẹ̀ jẹ́ tuntun, tí èrò pọ̀ nílé ẹ̀, kó rà á, yóò gbádùn ẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wọlé yín, ibi tẹ́ ẹ gbé ráótà sí, àti iye èèyàn tó ń fà á. Nílé Bàbá, kò sí fóònù kankan tó mọ Wi-Fi 7 rárá!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé Wi-Fi tuntun yìí yàtọ̀ nílé tiyín, àbí torí ẹnu dídùn ọlọ́jà lẹ ṣe rà á bíi tèmi? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ níbí. Ẹ má sì gbàgbé, ẹ bá wa kí Mojísọ́lá Ayọ̀délé káàbọ̀ sáyé!