Oríkì Tí Mo Tì Mọ́ Inú Àmì

Bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń gbóná lọ́wọ́ bí àkàrà. Títí dòní, bí mo bá fọwọ́ kan irú rẹ̀, ìgbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, ni mo máa ń rántí. Mo máa ń fọ́nnu nígbà náà o! Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ń tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì ti kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó máa fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn fúnra rẹ̀. Ogójì èèyàn, ogójì lẹ́tà, ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ti ṣe é tán, n ó fẹ̀yìn ti àga bí olorì. Ìmọ̀ ọ̀hún kò sì tíì kún ṣíbí.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan wọlé wá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Ìgèdè. Ìyá wọn ló kú, wọ́n sì fẹ́ sin ín sí Ìgèdè ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Lẹ́tà ogójì ni wọ́n fẹ́ kọ sí mọ̀lẹ́bí, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ "Ọ̀gbẹ́ni" tàbí "Ìyáàfin" kankan nínú rẹ̀. Oríkì tí ìyá náà fi ń pe oníkálukú ni wọ́n fẹ́ kó wà nínú lẹ́tà tirẹ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ìgbà ìkẹyìn tí Màmá máa pè wọ́n nìyẹn."

Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù mi kí n lè tẹ̀ ẹ́ tó bá yá. Wọ́n ń pe oríkì lọ: Àṣàkẹ́, Àlàbí, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, wọ́n ṣí fìlà. Igbemo ni ẹ̀gbọ́n yìí lọ tẹ̀dó sí, tó ń dáko ìrẹsì, látìgbà tí àwọn méjèèjì ti jà lórí ibi tí wọ́n máa sin bàbá wọn sí. Ọdún méje gbáko, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí àbúrò bá pè lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n ò ní gbé e. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì ìyá. Ọ̀gá ilé-ìwé sún mọ́ fóònù.

"Àkànjí," ni wọ́n wí. "Àkànjí, ọmọ ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá." Omi lé ròrò sí wọn lójú. "Látìgbà tí Màmá ti lọ, kò sẹ́ni tó tún pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á wá."

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Mo fi àyè sílẹ̀ nínú lẹ́tà fún oríkì, mo wá ní kí kọ̀ǹpútà máa mú u nínú àkọsílẹ̀, kó máa fi dí àyè náà. Ó ní igbá kan nínú àṣẹ náà tí mo sọ ní $oriki, inú rẹ̀ ni oríkì ẹni tó bá kàn máa ń wà. Mo kọ́kọ́ tẹ Àṣàkẹ́ gangan sí àárín àmì àyọlò ẹyọ kan, báyìí: 'Àṣàkẹ́', láti dán an wò. Ó jáde wẹ́rẹ́. Mo yọ Àṣàkẹ́, mo fi igbá sípò rẹ̀, mi ò sì yí àmì padà. Mi ò mọ̀ pé ọmọrí ni àmì ẹyọ kan yẹn jẹ́: bí o bá dé e lé igbá, kọ̀ǹpútà ò ní ṣí i wò, orúkọ igbá gan-an ló máa dà kọ. Àmì oníbejì ló ń jẹ́ kó ṣí i, kó bu ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní òògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló ku ọ̀kan. Ewé tèmi kò ju ojú kòkòrò lọ.

"Jẹ́ kí n yẹ̀ wọ́n wò kí o tó dì wọ́n," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí.

Èmi yìí! Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe." Mo ṣẹ́ lẹ́tà ogójì po, mo tì wọ́n sínú àpò ìwé, mi ò ka ẹyọ kan. Wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá ilé-ìwé padà wá pẹ̀lú lẹ́tà kan lọ́wọ́. "Ọmọ mi, kí lèyí?" Mo wò ó: "Màmá ń pè yín, $oriki." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ogójì rí. Àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù ti fi ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn ti tán. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Igbemo nìkan ni kò fọhùn. Mo yí àmì ẹyọ kan sí oníbejì, oríkì gbogbo wọn sì jáde ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ohun tó fà á, ojú ò jẹ́ kí n sọ òótọ́. "Ẹ̀rọ ló yọnu, sà," ni mo wí, mo sì ní èmi fúnra mi á gbé ti Igbemo lọ.

Mo bá ẹ̀gbọ́n náà, Bàbá Igbemo, níbi tí wọ́n ti ń sá ìrẹsì sórí tapólì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Kí n tó na lẹ́tà tuntun sí wọn, wọ́n ti yọ ti àkọ́kọ́ jáde nínú fìlà. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po títí ó fi fẹ́ ya.

"Ta ló kọ èyí?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni."

"Nígbà tí wọ́n ní lẹ́tà dé láti ulé, inú mi dùn. Mo ní àbúrò mi rántí mi. Mo ṣí i, àṣé ẹ̀rọ ló ń pè mí. Ọdún méje! Kò lè fẹnu ara rẹ̀ pè mí?" Wọ́n dá lẹ́tà tuntun padà sí mi lọ́wọ́, wọn ò ṣí i. "Ẹ mú ẹ̀rọ yín lọ, kó bá yín bu yẹ̀pẹ̀."

Fóònù mi wà nínú báàgì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Ohùn àbúrò wọn wà nínú rẹ̀, ó ń pè wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ìka kan ni mo fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á bi mí ẹni tó ba ìpè náà jẹ́ lọ́nà, mo sì ní láti sọ pé èmi ni. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi nù, mo wá ọkọ̀ padà sí Adó.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àlùfáà ṣe sùúrù títí, gbogbo wa ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé-ìwé bu yẹ̀pẹ̀, wọ́n tún bu èkejì fún ẹ̀gbọ́n wọn. Mo wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ jẹ oúnjẹ wọn. Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ṣe wàhálà lọ sí Igbemo.

Kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé, Bàbá Igbemo kú. Ìgbà náà ni mo lọ jẹ́wọ́. Mo tẹ fóònù, ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ ohùn ara wọn. Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

"O dúró níwájú wọn," ni wọ́n wí, "èyí sì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Mo ti ta ṣọ́ọ̀bù náà tipẹ́. Àṣìṣe àmì, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló ń ṣe é, ìyẹn ò dùn mí mọ́. Ẹnu mi tí mo pa mọ́ ní Igbemo ló ń dùn mí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti pààrọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ń gbé ohùn náà láti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn, mi ò lè pa á rẹ́. "Àkànjí, ọmọ ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá." Èmi tí kì í ṣe Àkànjí ni mò ń gbọ́ ọ.